Ẹrù Tó Wà Lórí Akẹ́kọ̀ọ́: Ìtàn Àárẹ̀ Ọpọlọ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, dókítà ọpọlọ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, Raymond Prince, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń kà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà yìí ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa wọn kì í ṣe àwọn tó ń wọ àkísà rìn lọ́jà, wọn kì í sì í ṣe àwọn tí ẹbí fi okùn dè wá sí ilé ìwòsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ni wọ́n, àwọn tí gbogbo agboolé fi ń yangàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n wá jókòó síwájú dókítà pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: wọn kò lè kàwé mọ́.

Bí wọ́n bá ṣí ìwé, ojú wọn yóò rí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kò ní wọlé. Ohun tí wọ́n kà lójú ewé kan yóò ti fò lọ kí wọ́n tó ṣí èkejì. Àwọn kan ní orí àwọn ń gbóná bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó dà bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí àwọn. Ojú a máa ṣe bàìbàì, omi a máa dà lójú, ọrùn a máa ro wọ́n. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pe àìsàn yìí ni brain fag. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni fag, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kí iṣẹ́ rẹni títí agbára yóò fi tán. Àárẹ̀ ọpọlọ ni à bá máa pè é ní Yorùbá.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìwé ìṣègùn fi ka àárẹ̀ yìí sí àìsàn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà, bí ẹni pé inú ọpọlọ tàbí àṣà àwọn ọmọ náà ni àbùkù ti wá. Ìtàn kò gbè é. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ àárẹ̀ náà sẹ́yìn yóò bá a nínú kíláàsì àwọn ọmọ òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù; bó bá sì tọ̀ ọ́ síwájú, yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò lónìí. Níbi gbogbo tó ti kọjá, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà so ọjọ́ iwájú rọ̀ mọ́ ìdánwò kan, àwọn ọmọ rù ú, orí wọn ké, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí wò láìyẹ ẹrù wò.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ

Kí Àrò tó wà, ibi tí ìjọba ń kó alárùn ọpọlọ sí ní Gúúsù Nàìjíríà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábàá ní Èkó, ìtìmọ́lé ló sì jẹ wọ́n lógún níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ. Orúkọ irú ibi bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti ba orúkọ ìdílé jẹ́. Òbí wo ni yóò mú ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama gba ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé, torí pé ọmọ ní orí ń gbóná?

Thomas Adéoyè Lámbò ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923, ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School níbẹ̀ ló lọ, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó padà dé tí wọ́n fi Àrò lé e lọ́wọ́, kò dúró de ìgbà tí wọn yóò kọ́ ilé tán. Ní 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí aráyé ń wá láti wò. Àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn kan a máa wà pẹ̀lú wọn, wọn a lọ gba ìtọ́jú, wọn a sì padà sáàárín ènìyàn láti jẹun, láti ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ àti ẹ̀fẹ̀. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, nítorí ó mọ̀ pé èdè tí aláìsàn fi ń ronú nípa àìsàn rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ yìí tako ìwé kan tó lókìkí lákòókò náà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Carothers ní ọmọ Áfíríkà kì í lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ bó ti yẹ, ó sì fi í wé òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí apá ibẹ̀. Ó tún sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà. Lámbò kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá tí òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ní agbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1963, fi hàn pé àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà láàárín Yorùbá bó ti wà láàárín àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí èdè kò ní ni orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo àmì náà pọ̀. Àwọn ènìyàn mọ oorun tí kò wá, oúnjẹ tí kò lọ lọ́nà ọ̀fun, ọkàn tó pòrúurùu, àti ìrònú tó gba ènìyàn kalẹ̀. Wọ́n kàn ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ ni.

Àárín àríyànjiyàn yìí ni ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí, ẹjọ́ náà gan-an sì tó láti mú Carothers lẹ́nu. Bí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kì í bá ṣiṣẹ́ tó bó ti yẹ, kí ló wá ń rẹ̀ ẹ́?

Prince kò bú àwọn ọmọ náà bí Carothers ti ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ ní apá méjì. Apá kìíní ni pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ òyìnbó wá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dá jókòó ti ìwé, kó fi ipá mú ara rẹ̀, kó sì gbára lé ara rẹ̀ nìkan, kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ dàgbà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Apá kejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀wé nínú ẹbí, tí ìrètí gbogbo wọn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Apá kìíní mú kí àìsàn náà dà bí ọ̀rọ̀ àṣà. Apá kejì mú un jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹrù. Nígbà tí àwọn ìwé ìṣègùn àgbáyé wá gbé àárẹ̀ ọpọlọ sí àkójọ wọn, ọ̀rọ̀ àṣà ni wọ́n gbé e sí abẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti ní in rí

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà pàápàá kì í ṣe ti Nàìjíríà. Brain fag wà lẹ́nu àwọn òyìnbó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn dókítà wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ta oògùn sì ń polówó oògùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn fún àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń kàwé. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà wá ń lò ó, ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nù ni wọ́n mú láti fi sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ òyìnbó nígbà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ìdarí Robert Lowe tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé èsì ìdánwò ni wọn yóò máa fi ṣe òṣùwọ̀n owó ìrànwọ́ ilé ẹ̀kọ́. Alábẹ̀wò ìjọba yóò dé, yóò dán àwọn ọmọ wò ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tó bá yege mú owó wá. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi, owó tirẹ̀ ti lọ. Báyìí ni oúnjẹ olùkọ́ ṣe wá wà lẹ́nu ọmọ ọdún méje. Lẹ́yìn náà, òfin ọdún 1870 ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà, àwọn tó ń ti ilé tí oúnjẹ kò tó bọ̀ sí kíláàsì.

Nígbà tó fi máa di 1884, gbogbo ìlú ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìnira tó ń bá àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. James Crichton-Browne, dókítà ọpọlọ tó lókìkí, lọ yí ká àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ ìròyìn fún ìjọba. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ tí òun bi léèrè tó sọ pé orí máa ń fọ́ àwọn déédéé. Ó kọ̀wé nípa àwọn tí oorun kò kùn, àti àwọn tí ebi ń pa tí wọ́n sì ń tì lẹ́yìn pé kí wọ́n sáré. Àgbà alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan, J. G. Fitch, dá a lóhùn pé àsọdùn ni. Èrò tirẹ̀ ni pé bí àgbàlagbà bá dúró síwájú kíláàsì tó ní kí ẹni tí orí ń fọ́ nawọ́ sókè, ọwọ́ kò ní ṣàì pọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ àríyànjiyàn yìí yóò rò pé àná ni wọ́n ṣe é. Ṣé àwọn ọmọ ló rọ ni, àbí ẹrù ló wúwo? Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa láti fi sá fún iṣẹ́? Ohun tó dájú ni pé kí ọ̀rúndún náà tó parí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pa ìlànà owó-fún-èsì náà rẹ́. Kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé àìsàn àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni orí fífọ́ àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Àbóyadé nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹrù náà ṣe gòkè odò dé Èkó

Kó tó di pé wọ́n pa ìlànà náà rẹ́ ní Ìlú Ọba, ó ti gba orí omi dé Èkó. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe fún Èkó ní 1887 so apá kan owó ìrànwọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ mọ́ èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Láti ìgbà yẹn ni ìdánwò ti di ìlẹ̀kùn tí owó ń gbà wọlé.

Èyí tó wá tẹ̀ lé e wúwo ju owó ìrànwọ́ lọ. Nílẹ̀ tí amúnisìn ti ń ṣàkóso, ìwé ẹ̀rí ló ń ya ẹni tí yóò jókòó lórí àga kúrò lára ẹni tí yóò ru ẹrù. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà lè di olùkọ́ tàbí akọ̀wé. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí Cambridge, tí wọ́n ń ṣètò ìdánwò rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti di ènìyàn pàtàkì. Àwọn tó sì lè dé òkè pátápátá kò tó nǹkan: nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC, dé ní 1952, ìdánwò sì di ti ilé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò tíì fẹ̀.

Owó tó gbé ọmọ kan dé ẹnu ọ̀nà yẹn kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó kòkó ni, owó èsúsú ni, owó ìyá tó ń ta ata lọ́jà ni, owó ẹ̀gbọ́n tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ ni. Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló dá a jọ. Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀, gbèsè náà sì wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti ìwé rẹ̀ lóru mọ̀ pé bí òun bá fìdí rẹmi, òun nìkan kọ́ ni yóò ṣubú. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún, nítorí àwọn tó yẹ kó fi ẹjọ́ sùn ni àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Lẹ́yìn náà ni ohun rere kan dé tó tún mú ẹrù náà gba ibòmíràn yọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ fò láti nǹkan bí 456,000 ní 1954 sí iye tó lé ní 811,000 ní 1955. Kò sí ètò kan tó yí ayé àwọn ọmọ Yorùbá padà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló gbòòrò; òkè ṣì há. Àwọn ọmọ tó wọlé ní 1955 parí ọdún mẹ́fà wọn ní ìparí ọdún 1960, ọdún kan náà tí àpilẹ̀kọ Prince jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Prince kọ̀wé nípa wọn ti ṣáájú wọn lọ. Ogunlọ́gọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò bá ẹnu ọ̀nà tóóró kan náà pàdé, ìdánwò sì ni asẹ́ tí wọn yóò fi yọ wọ́n.

Ohun tí orí ń sọ

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí ni àwọn ọmọ náà ń dárúkọ? Lọ́dọ̀ Yorùbá, orí kì í ṣe egungun àti irun lásán. Orí inú ni ẹlẹ́dàá ẹni, òun ni ìpín tí ènìyàn yàn wá sáyé, òun sì ni wọ́n ń bọ kí ọ̀nà lè là. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó bá sọ pé orí òun ń gbóná ń sọ ju pé nǹkan ń ro òun lọ. Ó ń sọ pé àyànmọ́ òun wà nínú ewu. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìwé tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ rárá.

Àmọ́ ọ̀nà méjì ni ilé sábà máa ń gbà gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní ayé ni, pé ẹni tó ń jowú ìdílé ló fi nǹkan sí ọmọ lórí, ọ̀nà ilé aláwo tàbí ilé àdúrà á sì yá. Àwọn mìíràn á ní ọ̀lẹ ni, pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Ẹni tó ní ayé ni gbọ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó mọ̀ pé láti àárín ènìyàn ni wàhálà náà ti wá. Ẹni tó ní ọ̀lẹ ni kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ kò ṣàì kàwé. Ìwé tí wọ́n ti kà jù láìsinmi ló gbé wọn dé ibẹ̀.

Olúfẹ́mi Mórákinyọ̀, oníṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, fi ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1980 la apá yìí yé àwọn ènìyàn. Ó rí i pé àwọn tí àìsàn náà ń ṣe a máa fi oorun du ara wọn, wọn a sì máa lo ohun tó ń lé oorun lọ, bí obì, kọfí àti oògùn oníhóró. Bí ọpọlọ bá kọ̀, wọn a nà án dìde. Bó bá tún kọ̀, ẹ̀rù a bà wọ́n pé ìdánwò ń sún mọ́lé, wọn a sì fi wákàtí mìíràn kún un lóru. Ìbẹ̀rù ń jẹ oorun, àìsùn ń jẹ ọgbọ́n orí, àìlèkàwé sì ń bí ìbẹ̀rù tuntun. Ọmọ yìí kò nílò ẹni tí yóò nà án. Ó ti ń na ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Orúkọ lọ, ẹjọ́ kù

Ní 1994, ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀ gbé brain fag sí àkójọ àwọn àìsàn tó jẹ mọ́ àṣà. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, orúkọ náà kò sí nínú àkójọ mọ́. Ní 2015, àwọn dókítà tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò kọ ọ́ pé ó jọ pé àìsàn náà ń lọ sí òkun ìgbàgbé. Àwọn dókítà ń wo àwọn àmì kan náà, wọ́n sì ń pè é ní àníyàn tó pọ̀ jù tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gẹ́gẹ́ bí wọn yóò ti pè é fún ọmọ ilẹ̀ yòówù.

Àǹfààní wà nínú èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kì í ṣe ẹ̀dá àjèjì mọ́ nínú ìwé ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù pẹ̀lú. Brain fag jẹ́ orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń lò, ó sì dárúkọ ohun tó fà á: iṣẹ́ àṣejù. Àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì dárúkọ ipò tí ọmọ wà; wọn kò sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ó rọrùn fún ilé ẹ̀kọ́ láti sọ pé àníyàn jẹ́ ti ọmọ. Ó ṣòro láti sọ pé iṣẹ́ àṣejù jẹ́ ti ọmọ nìkan.

Òtítọ́ ni pé ẹrù kan náà kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo ènìyàn. Láti àwọn ọdún 1990 ni onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Elaine Aron, ti ń kọ̀wé nípa àwọn tí nǹkan máa ń tètè wọ̀ ní akínyẹmí ara: ariwo, ìbáwí, ojú tí wọ́n fi wò wọ́n, ìbànújẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní bí ẹnì kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà ló rí bẹ́ẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe àrùn. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ irú ọmọ yìí. Òun ni ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu olùkọ́ máa ń bá relé, tí yóò sì bá a sùn. Wọ́n lè pè é ní ọmọ tí kò lè fara da nǹkan, pé ayé yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí Michael Pluess àti Ilona Boniwell tẹ̀ jáde ní 2015 fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní àdúgbò àwọn tálákà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ bí ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dènà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn tí nǹkan tètè ń wọ̀ lára ni ẹ̀kọ́ náà ṣe láǹfààní jù. Lára àwọn yòókù, ìyàtọ̀ tó dájú kò hàn. Ara tó ń tètè gba ìyà náà ló ń tètè gba ìtọ́jú. Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń kà sí aláìlera lè jẹ́ ẹni tí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, bí ìrànlọ́wọ́ bá wà.

Ẹnu ọ̀nà tòní

Ó wà lórí òfin pé kí ìrànlọ́wọ́ wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ṣì ń pe aláìsàn ní wèrè. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sì ti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ilé ẹ̀kọ́ ní olùdámọ̀ràn fún àwọn ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, orí ìwé ni olùdámọ̀ràn náà wà, tàbí kó jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà kún iṣẹ́ rẹ̀, tí ọmọ kò sì lè fi inú hàn án lónìí kó tún gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ní ti ẹrù, ó ti di òkè. Àjọ JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ń dán ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì wò lọ́dún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, lẹ́yìn tí èsì ti jáde tí ariwo sì ti gba ìlú pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í kàwé, pé fóònù ti gba orí wọn, àjọ náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì àwọn tó ṣe ìdánwò ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn jẹ́. Àwọn tó kàn jẹ́ 379,997, ní ibùdó ìdánwò 157. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì gba ẹ̀bi náà. Wọ́n ṣètò ìdánwò mìíràn.

Ẹkún àgbà níta gbangba ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì yìn ín. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí èsì jáde àti ọjọ́ tí àtúnṣe dé, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ti jókòó sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Wọ́n ti gbọ́ èébú, àwọn mìíràn sì ti gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, orí àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí Fitch ti ṣe ní 1884 náà nìyẹn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wo orí fífọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sàn pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn. Ó gé okùn tó so oúnjẹ olùkọ́ mọ́ ìdánwò ọmọ, ó sì wá ń fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Lámbò pẹ̀lú kò mú ẹ̀wọ̀n wá sí Àrò. Ó ṣètò ibi tí ènìyàn lè máa gbé láàárín ènìyàn nígbà tí ara rẹ̀ ń yá. Àwọn méjèèjì yí ohun tó wà ní àyíká aláìsàn padà. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ lé ipa yẹn lónìí, ibi tí iṣẹ́ wà kò fara sin: olùdámọ̀ràn tí kì í na ọmọ, oorun tí kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ju ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lọ sí ọjọ́ ọ̀la, iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní jẹ́ ìtìjú fún ẹni tó bá yàn án, àti òbí tí yóò bi ọmọ léèrè ohun tó wúwo lórí rẹ̀ kó tó bi í ní iye máàkì tó gbà.

Àwọn baba ńlá Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ti wá sí Àrò láti sọ pé orí àwọn ń gbóná. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ìdánwò báyìí.